Bí a ṣe ń ka ìdíje kíríkẹ́ẹ̀tì abúlé: ráànù, wíkẹ́ẹ̀tì àti ófà

Pátákó àmì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Láti nǹkan bí ìparí oṣù kẹrin títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ọ̀sán Sátidé ni ọ̀pọ̀ abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì líìgì wọn, nọ́ńbà mẹ́ta pàtàkì ló sì wà lórí pátákó náà. Ká ní wọ́n kọ ọ́ báyìí: 142, 6, 31. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tó ń fi báàtì gbá bọ́ọ̀lù ti kó ráànù 142 jọ (ráànù ni àmì tí wọ́n fi ń ka eré), ènìyàn 6 nínú wọn ti jáde, ẹgbẹ́ kejì sì ti ju ófà 31, ìyẹn bọ́ọ̀lù mẹ́fà-mẹ́fà lọ́nà 31. Ẹni tó bá lè so nọ́ńbà mẹ́ta yìí pọ̀ ti mọ ìdajì eré náà. Ẹni tí kò bá lè so wọ́n pọ̀ lè jókòó láti aago kan ọ̀sán títí di aago méje alẹ́ láìmọ ẹgbẹ́ tó ń borí.

Ohun tó ń rú àwa tí bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ti mọ́ lára lójú ni pé aago kan ṣoṣo ló wà nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá: ìṣẹ́jú 90. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, nǹkan méjì ló ń tán pọ̀. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n máa jù ń tán, ènìyàn tó máa gbá a náà ń tán. Èyí tó bá kọ́kọ́ tán nínú méjèèjì ló parí ìpín ẹgbẹ́ náà, tí èkejì yóò fi gba báàtì.

Bọ́ọ̀lù mẹ́fà ni ófà kan. Ẹnì kan á ju mẹ́fà láti orí kan píìṣì, ìyẹn ojú ilẹ̀ gbọọrọ àárín pápá, ẹlòmíràn á sì ju mẹ́fà láti orí kejì. Wọ́n á máa gbà á fún ara wọn bẹ́ẹ̀. Ófà 40 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló wọ́pọ̀ ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀ líìgì, ìyẹn bọ́ọ̀lù 240. Ní ìpele òkè, ó lè jẹ́ 45 tàbí 50. Ní ti ènìyàn, 11 ni ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n 10 péré ló lè jáde, torí méjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí píìṣì nígbà gbogbo. Bí ẹni kẹwàá bá ti jáde, ẹni kọkànlá kò ní ẹlẹgbẹ́ mọ́, ìpín wọn parí, kódà bí ófà 20 ló kù.

Ẹ jẹ́ ká padà sí 142, 6, 31 wa. Ófà 9 ló kù, bọ́ọ̀lù 54, ènìyàn 4 ló sì kù láti jáde. Bí wọ́n bá fara balẹ̀, wọ́n lè bá a dé bíi 180. Bí wọ́n bá ń gbá a tagbáratagbára, wọ́n lè dé 210, wọ́n sì lè kú sí 155 kí ófà tó tán. Gbogbo ìpinnu tí balógun ẹgbẹ́ bá ń ṣe lórí pápá, láàrin ewu méjèèjì yìí ló wà. Ohun kan péré: àwọn ará Ọsirélíà máa ń fi iye àwọn tó jáde ṣáájú ráànù, kí ó má bàa dàrú mọ́ yín lójú bí ẹ bá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Píìṣì, igi àti ìlà funfun

Àárín pápá ni píìṣì wà, níbi tí wọ́n ti gé koríko mọ́lẹ̀ pátápátá, nǹkan bíi mìlímítà 5, tí wọ́n sì fi rólà tẹ̀ ẹ́ títí ó fi le. Láti igi dé igi jẹ́ yáàdì 22, ìyẹn mítà 20.12, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10. Igi mẹ́ta ló dúró ní orí kọ̀ọ̀kan, gíga wọn íǹṣì 28, fífẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ íǹṣì 9, pẹ̀lú igi kéékèèké méjì tí wọ́n gbé lé wọn lórí. Àwọn wọ̀nyí ni wíkẹ́ẹ̀tì. Bí ènìyàn bá jáde, wọ́n á tún sọ pé wíkẹ́ẹ̀tì kan ti bọ́, ìyẹn ló fi wà lórí pátákó.

Ẹsẹ̀ bàtà 4 níwájú igi ni wọ́n fa ìlà funfun kan sí. Ẹ̀yìn ìlà yẹn ni ilé oníbáàtì. Níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tàbí báàtì ọwọ́ rẹ̀ bá kan ilẹ̀ lẹ́yìn ìlà, kò sí ẹni tó lè wó igi kí ó sọ pé ó ti jáde torí pé kò délé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: orí ìlà kì í ṣe ilé. Ẹni tí báàtì rẹ̀ bá dúró sórí ìlà láìkọjá a, ìta ló wà. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ṣe ń jáde, wọ́n á sáré dé, wọ́n á gbàgbé láti na báàtì mọ́lẹ̀ síwájú.

Bọ́ọ̀lù náà kò rọ̀ rárá. Inú rẹ̀ jẹ́ kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi okùn wé, òde rẹ̀ awọ pupa tí wọ́n rán. Ó wúwo tó gíráàmù 156 sí 163. Ìdí nìyí tí oníbáàtì fi ń di ààbò mọ́ ojúgun méjèèjì, tó ń wọ ìbọ̀wọ́, tó ń fi ike bo abẹ́, tó sì ń dé akoto. Àjọ ECB, tó ń darí eré náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 dojú kọ bọ́ọ̀lù líle láìdé akoto. Ọmọ tó wà ní ẹgbẹ́ abẹ́ ọdún 15 kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ igi ju yáàdì 8 lọ láti ṣọ́ bọ́ọ̀lù. Fún abẹ́ ọdún 13, yáàdì 11 ni. Ẹni tó dúró lẹ́yìn igi ní ẹ̀gbẹ́ tí àyà oníbáàtì kọjú sí nìkan ló yọ sílẹ̀ nínú èyí. Bí balógun bá gbàgbé, ọ́ńpáyà, ìyẹn adájọ́ eré, á dá eré dúró títí ọmọ náà yóò fi sún sẹ́yìn.

Bí ráànù ṣe ń wọlé

Bí oníbáàtì bá gbá bọ́ọ̀lù, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà lórí kejì lè pààrọ̀ ààyè. Ìgbàkígbà tí àwọn méjèèjì bá délé ara wọn, ráànù kan nìyẹn. Kò pọn dandan kí wọ́n sáré. Bó bá léwu, kí wọ́n dúró. Bí bọ́ọ̀lù bá yí lórí ilẹ̀ dé ààlà pápá, mẹ́rin ni. Bó bá fò kọjá ààlà láìkan ilẹ̀, mẹ́fà ni.

Àwọn ráànù kan wà tí kò ti ara báàtì wá, àwọn wọ̀nyí ló ń ba ti ẹgbẹ́ abúlé jẹ́ jù. Wáìdì ni bọ́ọ̀lù tó jìnnà débi pé báàtì kò lè bá a. Nóbọ́ọ̀lù ni kí ẹsẹ̀ ajubọ́ọ̀lù kọjá ìlà tirẹ̀, tàbí kí bọ́ọ̀lù fò ga ju ìbàdí oníbáàtì lọ láìkọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ráànù kan ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì tún bọ́ọ̀lù náà jù. Ófà tí wáìdì mẹ́ta bá wà nínú rẹ̀ ti di bọ́ọ̀lù mẹ́sàn-án. Ẹgbẹ́ tó bá ju wáìdì 25 ti ta ẹgbẹ́ kejì lọ́rẹ ráànù 25, ó sì tún ti fún wọn ní bọ́ọ̀lù 25 láti fi wá òmíràn. Ọ̀pọ̀ ìdíje abúlé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pàdánù rẹ̀, wọ́n á wá máa di ẹ̀bi ru oníbáàtì.

Ọ́ńpáyà kì í pariwo iye ráànù, ọwọ́ ló fi ń sọ ọ́. Apá méjèèjì sókè, mẹ́fà. Ọwọ́ kan tó ń fì sọ́tùn-ún sósì, tó sì parí sí àyà, mẹ́rin. Apá méjèèjì nà sí ẹ̀gbẹ́, wáìdì. Apá kan nà sí ẹ̀gbẹ́, nóbọ́ọ̀lù. Ìka ìfábẹ̀lá sókè, ó ti jáde. Akọ̀wé àmì gbọ́dọ̀ gbé ọwọ́ sókè láti fi hàn pé òun ti rí i kí wọ́n tó ju bọ́ọ̀lù tó kàn, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ẹnì kan tó ń juwọ́ láti ojú fèrèsé páfílíọ̀nù bí ẹni tó ń kí ará ilé.

Bí ènìyàn ṣe ń jáde, pàápàá LBW

Ọ̀nà mẹ́sàn-án ni òfin kà sílẹ̀, ṣùgbọ́n márùn-ún ló ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Bọ́ọ̀lù lè wó igi. Ẹnì kan lè hán bọ́ọ̀lù tí báàtì gbá kí ó tó kan ilẹ̀. Wọ́n lè wó igi nígbà tí oníbáàtì ń sáré tí kò tíì délé. Kípà, ìyẹn aṣọ́pápá tó dúró lẹ́yìn igi, lè wó o nígbà tí oníbáàtì bá ti jáde síwájú láti gbá bọ́ọ̀lù tí kò sì bá a. Ìkarùn-ún ni LBW, ìyẹn kí ẹsẹ̀ dí bọ́ọ̀lù tí ì bá wó igi.

Ohun kan kan gbogbo wọn: bí àwọn aṣọ́pápá kò bá béèrè, ọ́ńpáyà kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni ti jáde. Igbe tí ẹ ń gbọ́, tí gbogbo wọn ń kọjú sí ọ́ńpáyà, ìbéèrè ni, kì í ṣe ìjà.

LBW wọ inú òfin lọ́dún 1774, torí àwọn oníbáàtì ń fi ẹsẹ̀ dí igi mọ́ọ́mọ̀. Láti ìgbà náà ni awuyewuye kò ti tán. Ẹ fọkàn tẹ̀ lé e ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, torí bí ìdáhùn kan bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àkọ́kọ́, níbo ni bọ́ọ̀lù ti kan ilẹ̀? Bó bá kan ilẹ̀ ní ìta igi ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn oníbáàtì, kò jáde, kódà bí ì bá wó igi àárín. Èkejì, ṣé báàtì ló kọ́kọ́ kàn? Bó bá kan báàtì kí ó tó kan ẹsẹ̀, kò jáde. Ẹ̀kẹta, níbo ni ẹsẹ̀ wà nígbà tí bọ́ọ̀lù bà á? Ó gbọ́dọ̀ wà ní iwájú igi gan-an, láàrin igi dé igi. Bó bá wà ní ìta ní ẹ̀gbẹ́ tí àyà oníbáàtì kọjú sí, kò jáde, àfi bí kò bá gbìyànjú rárá láti gbá bọ́ọ̀lù náà. Ìyẹn nìkan ló lè kó bá a. Ẹ̀kẹrin, bí ẹsẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ṣé bọ́ọ̀lù ì bá wó igi? Àsọtẹ́lẹ̀ ni ìdáhùn èyí, ibẹ̀ sì ni ìjà wà. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ síwájú gan-an ti jẹ́ kí ọ̀nà tó kù fún bọ́ọ̀lù pọ̀, iyèméjì ọ́ńpáyà náà á sì pọ̀. Bí iyèméjì bá wà, oníbáàtì ló ni ín.

Ní tẹlifíṣọ̀n, kámẹ́rà ló ń ṣe gbogbo èyí. Ní abúlé, ojú ènìyàn kan ni, ó sì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ oníbáàtì fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kà á dáadáa. Ní àwọn ìpele ìsàlẹ̀, líìgì kì í rán ọ́ńpáyà wá. Ẹgbẹ́ tó ń gbá báàtì ló ń yọ ènìyàn méjì nínú àwọn tó ti jáde tàbí tí kò tíì kàn láti dúró, wọ́n á sì máa pààrọ̀ wọn bó ṣe yẹ. Nítorí náà, ẹni tó fi mọ́tò gbé yín wá lè jẹ́ ẹni tó máa gbé ìka sókè fún yín. Àwọn kan kì í fẹ́ gbé ìka sókè rárá fún ẹgbẹ́ tiwọn, gbogbo líìgì ló sì mọ orúkọ àwọn ẹgbẹ́ tó ní irú wọn. Bí irú ìwà yìí bá ti wọ eré, ẹgbẹ́ kejì náà á san án padà ní ìpín tirẹ̀, kò sì sí LBW tó máa wáyé mọ́ títí ilẹ̀ ó fi ṣú.

Iṣẹ́ kejì tí ọ́ńpáyà àdúgbò ń ṣì ṣe ni kíka bọ́ọ̀lù. Ẹ mú òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́fà tàbí owó ẹyọ mẹ́fà. Bí wọ́n bá ju ọ̀kan, ẹ gbé ẹyọ kan láti àpò òsì sí àpò ọ̀tún. Wáìdì àti nóbọ́ọ̀lù kò ní ẹyọ. Bí ẹ bá ṣì í kà, tí ófà di bọ́ọ̀lù márùn-ún tàbí méje, òfin sọ pé bí ọ́ńpáyà ṣe kà á ni ó wà.

Ohun kan tún wà tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ṣì ń ṣì. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá hán bọ́ọ̀lù tí àwọn oníbáàtì méjèèjì sì ti kọjá ara wọn lójú ọ̀nà, ẹni tó kù ló máa kojú bọ́ọ̀lù tó kàn. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, òfin ti yí padà: ẹni tuntun tó wọlé ló ń kojú rẹ̀, wọ́n kọjá ara wọn tàbí wọn kò kọjá, àfi bí ófà bá parí síbẹ̀. Ẹni tuntun náà ní ìṣẹ́jú 3 láti múra tán. Ẹni tó bá ṣì ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nínú àpò lè jáde láìgbá bọ́ọ̀lù kan.

Láti ìjuwó dé ìparí ìpín kejì

Aago kan ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ líìgì ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn balógun méjèèjì gbọ́dọ̀ ju owó ẹyọ láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó jù ú ni kí wọ́n ti fẹnu kò lórí ààlà pápá, torí pápá abúlé kì í sábà rí róbótó: igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n igi ńlá lè ta ẹ̀ka wọ inú pápá, ọ̀nà mọ́tò sì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe abúlé nìkan lèyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní pápá St Lawrence ní Canterbury, níbi tí ẹgbẹ́ Kent ti ń gbá, igi kan wà nínú ààlà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ìjì fi wó o ní 2005. Bọ́ọ̀lù tó bá bà á, mẹ́rin ni wọ́n ń kà á sí.

Ẹni tó bá borí nínú ìjuwó ló máa yàn bóyá òun á kọ́kọ́ gbá ni tàbí òun á kọ́kọ́ jù. Bí òjò bá rọ̀ ní òru, tí píìṣì ṣì ní omi lábẹ́, ẹ kọ́kọ́ jù. Bọ́ọ̀lù máa ń dúró díẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù kí ó tó fò, oníbáàtì á sì tètè gbá a sókè sọ́wọ́ aṣọ́pápá. Bó bá di aago mẹ́rin, oòrùn á ti fa omi náà, ó di ti ẹgbẹ́ kejì láti gbádùn. Bí ilẹ̀ bá ti gbẹ láti òwúrọ̀, kíkọ́kọ́ gbá dára, torí píìṣì gbígbẹ a máa fọ́ díẹ̀díẹ̀, bọ́ọ̀lù ìrọ̀lẹ́ á wá máa fò bó ṣe wù ú.

Níbi tí ófà bá jẹ́ 40, òfin líìgì sábà máa ń sọ pé ẹnì kan kò gbọ́dọ̀ ju ju 8 lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀: ó kéré tán, ènìyàn márùn-ún ló gbọ́dọ̀ jù. Ẹgbẹ́ abúlé sábà máa ń ní mẹ́ta tó mọ̀ ọ́n jù, ẹ̀kẹrin tó ṣeé fara dà, àti ìkarùn-ún tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún. Ọgbọ́n balógun ni ibi tó máa fi ìkarùn-ún pa mọ́ sí. Láàrin ófà 15 sí 30 ni wọ́n sábà ń fi í sí, nígbà tí àwọn oníbáàtì kò tíì kánjú. Ẹni tó bá fi í dé ófà 38 á rí ohun tó fojú rẹ̀ wá.

Lẹ́yìn ìpín kìíní ni tíì. Sáńwíìṣì, kéèkì àti tíì gbígbóná lórí tábìlì, ẹgbẹ́ onílé ló ń sè é. Láti ìgbà kòrónà ní 2020 ni ọ̀pọ̀ líìgì ti jẹ́ kí ó di ọ̀ràn ẹni tó wù, oníkálukú sì ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání. Ó dùn mọ́ àwọn tó ń sè é, kò dùn mọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Ìpín kejì ni ìṣirò ti ń wúlò. Ká ní ẹgbẹ́ onílé kó 187 jọ, ènìyàn 8 sì jáde. Àlejò nílò 188, ìyẹn ráànù 4.7 nínú ófà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ófà 25, wọ́n wà ní 104, ènìyàn 4 ti jáde. Wọ́n nílò 84 nínú ófà 15, 5.6 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ti ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn 6 ṣì kù láti jáde. Wọ́n lè fi ara wewu. Bí ó bá jẹ́ 8 ló ti jáde lórí 104 kan náà, ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá, bẹ́ẹ̀ ráànù tí wọ́n nílò kò yí.

Ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gbá bá borí, ráànù ni wọ́n fi ń ka bó ṣe borí. Ẹgbẹ́ kejì bá borí, iye ènìyàn tí kò tíì jáde ni. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, nínú ìdíje àgbáyé àwọn ọmọbìnrin abẹ́ ọdún 19 ní Malaysia, Nàìjíríà kó 65, New Zealand kó 63. Ráànù 2 ni wọ́n fi borí. Òjò ló ti gé eré yẹn kúrú sí ófà 13 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀mì tí kì í ṣe àmì dọ́gba

Ibí ló ń rú kódà àwọn tó ti ń wò ó lọ́jọ́ pípẹ́ lójú. Ọ̀nà méjì ni líìgì ń gbà parí eré, ìpele méjì nínú líìgì kan náà sì lè yàtọ̀ síra. Nínú ọ̀nà kìíní, ẹni tí ráànù rẹ̀ bá pọ̀ jù lẹ́yìn ófà 40 ló borí, ó tán. Nínú ọ̀nà kejì, ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ gbá kò lè borí àfi bó bá mú ènìyàn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ẹgbẹ́ kejì jáde. Bí ófà bá tán tí ẹgbẹ́ kejì kò dé iye tó nílò, tí gbogbo wọn kò sì tíì jáde, ọ̀mì ni. Àmì wọn kò dọ́gba rárá. Eré náà ni kò parí. Bí àmì bá dọ́gba lẹ́yìn tí gbogbo ẹgbẹ́ kejì ti jáde, orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é, ó sì ṣọ̀wọ́n.

Ẹ fi àpẹẹrẹ wa wò ó. Ófà kan ló kù, àlejò wà ní 171, ènìyàn 9 ti jáde, wọ́n nílò 17 nínú bọ́ọ̀lù 6. Ní ọ̀nà kìíní, àwọn aṣọ́pápá á tú ká lọ sí ààlà, oníbáàtì á máa fi gbogbo agbára fì báàtì, bí kò bá sì dé 188 ó ti pàdánù. Ní ọ̀nà kejì, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: balógun onílé á pe gbogbo ènìyàn wá sítòsí. Mẹ́ta á tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kípà, méjì á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n apá mẹ́ta sí ojúgun oníbáàtì, ààlà á ṣófo. Oníbáàtì ìkẹyìn, tó jẹ́ pé kò mọ báàtì dì tó bẹ́ẹ̀, á na ẹsẹ̀ síwájú, á fi báàtì rọra bo bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ síbi ẹsẹ̀ rẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Kò ní sí ráànù kan. Ẹni tó ń kọjá lọ á ní ojo ni. Kì í ṣe ojo. Ó ń gba ọ̀mì fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

Máàkì líìgì ló ń pinnu bó ṣe wúlò tó. Líìgì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, ẹ ka ìwé òfin wọn, ṣùgbọ́n bó ṣe ń rí nìyí: máàkì ńlá fún ẹni tó borí, kékeré fún ọ̀mì, tí àwọn kan sì ń fún ẹgbẹ́ tó wà lókè nínú ọ̀mì ju èkejì lọ. Lórí ìyẹn ni máàkì àfikún, fún iye ráànù tí ẹ kó àti iye ènìyàn tí ẹ mú jáde. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ tó ti hàn gbangba pé ó máa pàdánù ṣe ń jà fún ráànù kan láti 149 sí 150. Ẹgbẹ́ kan lè pàdánù ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kó má sì lọ sí ìpele ìsàlẹ̀ nítorí máàkì méjì bẹ́ẹ̀.

Òjò, àìpé, àti ìwé àkọsílẹ̀

Bí òjò bá gé ìpín kejì kúrú, iye tí àlejò nílò gbọ́dọ̀ yí. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ẹ fi ìwọ̀n ráànù inú ófà ṣe é: ẹgbẹ́ kìíní kó 180 nínú 40, ìyẹn 4.5, bó bá ku 30 fún ẹgbẹ́ kejì, 135 ni, wọ́n nílò 136 láti borí. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n kò tọ́, torí ẹgbẹ́ kejì ṣì ní ènìyàn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá láti ná lórí ófà díẹ̀. Wọ́n lè máa gbá a tagbáratagbára láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí èyí ni Frank Duckworth àti Tony Lewis, àwọn onímọ̀ ìṣirò ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣe ìlànà kan tí wọ́n kọ́kọ́ lò nínú ìdíje àgbà ní 1997, tí Steven Stern tún ṣe lẹ́yìn náà. Ohun tó ń wọ̀n ni ófà àti ènìyàn tó kù, méjèèjì pọ̀. Líìgì tó ní kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ akọ̀wé ń lò ó. Àwọn ìpele ìsàlẹ̀ kan ṣì wà lórí ìwọ̀n lásán.

Bí ènìyàn kò bá pé 11, eré lè wáyé. Ẹgbẹ́ tó mú 9 wá ti parí ìpín rẹ̀ bí ènìyàn 8 bá ti jáde. Ìyà tó tóbi jù wà nígbà tí wọ́n bá ń ṣọ́ pápá: ibi méjì tí bọ́ọ̀lù máa ń kọjá kò ní ẹ̀ṣọ́.

Akọ̀wé méjì ló yẹ kó jókòó pọ̀, ọ̀kan láti ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fi tiwọn wé ara wọn ní ìparí gbogbo ófà. Bọ́ọ̀lù tí kò mú ráànù wá, ẹ fi àmì tóótó kan sí i. Ní ìparí, bí ẹ bá rí 8-2-31-3 lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ajubọ́ọ̀lù, ófà 8 ló jù, 2 nínú wọn kò mú ráànù kankan wá, wọ́n gba 31 lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ènìyàn 3 jáde. Láti mọ̀ bóyá ìwé péye, ẹ ro ráànù gbogbo oníbáàtì pọ̀ mọ́ àfikún. Ó gbọ́dọ̀ bá àpapọ̀ tó wà lórí pátákó mu. Ẹ tún ro ohun tí gbogbo ajubọ́ọ̀lù gbà, wáìdì àti nóbọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi ráànù tí wọ́n sá láìjẹ́ pé báàtì kan bọ́ọ̀lù kún un. Bí kò bá bára mu, wáìdì kan ni ẹnì kan gbàgbé láti kọ sábẹ́ orúkọ ajubọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Orí Play-Cricket, ibi ìkówèésí ECB, ni wọ́n ń gbé èsì sí, líìgì a sì máa yọ máàkì lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó bá pẹ́.

Ohun tó kù jẹ́ ti ilẹ̀. Píìṣì púpọ̀ ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní àárín pápá, èyí tí wọ́n lò lónìí á sinmi. Ẹ gbá a mọ́, ẹ bomi rin ín dáadáa, ẹ fi amọ̀ tútù pẹ̀lú irúgbìn koríko dí ihò tí ẹsẹ̀ àwọn ajubọ́ọ̀lù gbẹ́, kí ẹ sì fi igi gún un mọ́lẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, òmíràn ni wọ́n máa lò, bó bá sì jẹ́ èyí tó wà ní ìpẹ̀kun, ààlà ẹ̀gbẹ́ kan á kúrú ju ti èkejì lọ ní yáàdì púpọ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yẹn kí ẹ tó jókòó, torí ibẹ̀ ni mẹ́fà máa ń bọ́ sí, ibẹ̀ náà sì ni kò yẹ kí ẹ gbé mọ́tò yín sí.